Ọwọ́ Tí A Kì Í Fi Sílẹ̀

"Ṣubú nígbà náà!"

"Mo kọ̀."

"Mo ti di ọrùn ọwọ́ ẹ mú, mo ti fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ó kù kó o ṣubú. Kí lo tún ń dúró dè?"

"Mò ń dúró de ẹni tó máa gbé mi ṣubú. Ìwọ kọ́ nìyẹn."

Báyìí ni Ermida àti Jasril ṣe bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ pupa àgbàlá Mak Datuak, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ní abúlé Koto Rambai lẹ́sẹ̀ òkè Marapi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ojú ìfẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi wo ara wọn, irọ́ ló ń pa. Wọn ò fẹ́ràn ara wọn rárá. Bí wọ́n bá fún wọn láyè lọ́jọ́ náà, wọn ì bá fi eyín já ara wọn jẹ.

Ermida, ọmọbìnrin abúlé náà, ti ń kọ́ ìjà silek láti kékeré lọ́dọ̀ Mak Datuak, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́kùnrin. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gé ẹ̀gẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń dín in pẹ̀lú ata fún títà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì tán, ọ̀bẹ á bọ́ sílẹ̀, ṣòkòtò dúdú gbàgìdì á gun ìdí, ó di àgbàlá. Kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ tí òun kò tíì gbé ṣubú rí. Jasril ní tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jakarta dé ni, níbi tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe, tó sì ti gba ife-ẹ̀yẹ nínú ìdíje ìjà. Ìyá rẹ̀, Amak Hasnidar, opó tó ń gbin kábéèjì, ló ránṣẹ́ pè é nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Báàgì kan ló gbé dé, àmọ́ ìgbéraga tó kó wá, ọkọ̀ akẹ́rù ò lè gbé e tán.

Òfin Mak Datuak ò pọ̀. Ẹni tó bá máa kọlu ẹnìkejì gbọ́dọ̀ fún un ní ọwọ́ tòótọ́, ìyẹn ọwọ́ tó mọ ibi tó ń lọ, tí gbogbo ara tẹ̀lé e, kí ẹnìkejì lè rí nǹkan fi kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá sì gbé ẹnìkejì ṣubú gbọ́dọ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú kí orí má baà gbalẹ̀, kó má sì fi í sílẹ̀ títí onítọ̀hún á fi dìde. Àwọn baba wa máa ń sọ pé lóde, ọ̀rẹ́ ni silek ń wá, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún, Ọlọ́run ló ń wá. Wàhálà ni àwọn méjì yìí ń wá ní tiwọn.

Bí Ermida bá di Jasril mú, ara Jasril á le gan-an, á gbin ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní mì. Bí ó bá kàn án láti kọlù ú, á ní ikùn lòun ń bọ̀, ojú ló máa gbà. Tó bá ṣe é tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ìkókó: "Ní Jakarta, wọn kì í gbé ẹsẹ̀ báyẹn." Ermida náà kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ó wá ọ̀nà tirẹ̀. Á ju ẹ̀ṣẹ́ sí i, ẹ̀ṣẹ́ á dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí àyà rẹ̀, á dúró. Kò sí agbára kankan nínú rẹ̀ tí Jasril lè fi gbé e. Ọwọ́ òfo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe irú ẹ̀.

"Ọwọ́ òfo lo tún ń fún mi!"

"Ohun tó o yẹ fún nìyẹn."

Ermida lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. "Mak, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹlòmíì. Bí igi ni ẹni yẹn ń ṣe."

Mak Datuak ń mu omi ewé kọfí nínú igbá àgbọn lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Òun náà ti wá síbí láàárọ̀. Ó ní bí afẹ́fẹ́ lo ń ṣe, pé kò sí ohun téèyàn máa rí dì mú lára ẹ."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ò kọ́ silek. Agídí lẹ̀ ń kọ́. Ẹ máa bá ara yín kọ́ ọ lọ."

Ní Koto Rambai, ọmọbìnrin kì í pe ọkùnrin tó jù ú lọ lórúkọ. Uda ló ń pè é, ẹ̀gbọ́n nìyẹn, orúkọ yẹn náà sì ni ìyàwó fi ń pe ọkọ. Gbogbo àgbàlá ló ń pe Jasril ní Uda Jasril. Ermida nìkan ló ń pè é ní Jasril gbalaja, nígbà míì ó tilẹ̀ máa ń pè é ní "Ìwọ yìí." Ìyá rẹ̀ bá a wí títí, ó sú u.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ermida ti mú Jasril lọ́rùn ọwọ́, Jasril sì tún gan bí òpó. Àwọn tó wà létí àgbàlá ń rẹ́rìn-ín. Jasril wẹ̀yìn wò wọ́n, ó fẹ́ kí ẹ̀rín náà pọ̀ sí i, ló bá ní, "Obìnrin tó le tó báyìí! Ilé ta ni àwọn èèyàn ẹ fẹ́ gbé ewé siriah lọ, láti lọ tọrọ ọkọ fún ẹ? Ta ló máa yọ̀ǹda ọmọkùnrin ẹ̀ kí wọ́n lọ máa lù ú?"

Ẹ̀rín ta. Ara Ermida gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún nítorí pé òun náà ti máa ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀, tó bá ń gé ẹ̀gẹ́. Nítorí Jasril wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró dáadáa mọ́. Ermida gbé e. Ó gbé e sókè pátápátá, ó sì mọ̀ pé òun ti gbé e, pé ó kù kóun di ọwọ́ yẹn mú kóun sọ ọ́ kalẹ̀ bí èèyàn.

Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀.

Gbogbo èèyàn gbọ́ bí eegun ṣe dún. Ẹ̀rín tán. Jasril ò ké, ó kàn ń wo ojú ọ̀run, àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà. Àwọn kan ní òógùn ló yọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn kan ní òjò ni. Mak Datuak wo ọwọ́ Ermida, wọn ò wo ilẹ̀.

"Jáde."

"Mak, mi ò..."

"Mo ní jáde! Ẹni tó o jù sílẹ̀ ló máa fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá mú ẹ padà síbí. Bí kò bá wá, ó parí nìyẹn."

*

Ẹni tó bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe nílẹ̀ wa, òun ló máa gbé oúnjẹ lọ títí ara onítọ̀hún á fi yá. Ermida ò lè sá fún un. Ó gbé ọbẹ̀ ẹran randang tí ìyá rẹ̀ sè títí ó fi dúdú, ó gbé ìrẹsì, ó gba ààrin kábéèjì lọ sí ilé Amak Hasnidar. Obìnrin náà ti rí i látòkèèrè, kò dáhùn ìkíni rẹ̀.

"Gbé e síbẹ̀ yẹn," ni Amak Hasnidar wí. "Àwọn adìẹ mi á jẹ ẹ́."

"Amak, ẹ má bínú."

"Ta ni Amak ẹ? Mi ò bí ọmọ tí í ṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ léegun. Orúnkún ló ń dùn mí tí mo fi pè é wálé. Ọmọ tó yẹ kó máa bá mi ro oko, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ!"

Jasril wà ní fáránda, wọ́n ti di apá rẹ̀ mọ́ àyà. Ó wo abọ́, ó wo ẹni tó gbé e wá.

"O wá wò bóyá mo ti kú?"

"Oúnjẹ ni mo gbé wá. Tó o bá ti kú, màá gbé e padà. Ẹran wọ́n."

Ẹ̀rín bú mọ́ Jasril lẹ́nu, eegun dùn ún, ó ké. "Má pa mí lẹ́rìn-ín! Àbí o fẹ́ ṣẹ́ èyí tó kù?"

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Èébú ni wọ́n fi ń kí ara wọn, Amak Hasnidar á sì máa da omi sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ Ermida bí ẹni tí kò rí i. Ọjọ́ kan, nígbà tí ìyá lọ sóko, Jasril ò bú u. Ó bi í léèrè jẹ́jẹ́.

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ fi mí sílẹ̀ ni?"

Òógùn wà níbẹ̀ tó lè dì mú. Òjò wà níbẹ̀. Gbogbo abúlé ti bá a wá àwáwí tán, ó kù kó gbà á. Ermida wo apá tí wọ́n dì mọ́ àyà yẹn.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀."

Jasril wò ó lójú. "O ṣé tó ò purọ́. Mo rí ojú ẹ nígbà tó o ṣí ọwọ́. Tó o bá ní òógùn ni, mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé."

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ ló dùn mí."

"Mo mọ̀. Kó dùn ẹ́ náà ni mo ṣe sọ ọ́." Ó fi ọwọ́ tí kò ṣẹ́ nu ojú. "Ní Jakarta, ẹni tó bá yọ̀ǹda ara ẹ̀ ló ń pàdánù. Mo ti gan débi pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u mọ́. Obìnrin kan sì tún wá ń gbá mi mú lójú àwọn tá a jọ dàgbà. Ó ká mi lára, Ermida."

"Ó ká èmi náà lára. Kí o tó dé, èmi ni wọ́n ń wò."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín ara wọn, ẹ̀rín burúkú ni. Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń gbé Ermida gba ààrin kábéèjì kọjá kì í ṣe gbèsè eegun mọ́. Òun náà mọ̀, ó sì ń bú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí ló wá rí lára ẹni yìí? Ọ̀yájú ni, ẹnu rẹ̀ ò dùn, ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹkùn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀.

Nígbà tí eegun jinná, Amak Hasnidar da abọ́ padà fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi ti gbádùn. A ò fẹ́ mọ́. Máà tún gba inú kábéèjì mi mọ́."

*

Wọ́n gbin kábéèjì míì, wọ́n kórè rẹ̀. Ermida ò lọ sí àgbàlá, nítorí Jasril ò wá mú un. Òun náà ò sì lọ bẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kan ló bá Jasril ní ṣọ́ọ̀bù ewé kọfí tó wà lójú títì, ó dá jókòó, igbá àgbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní rán èèyàn wá ni?" ni Jasril bi í, kò kí i.

"Ká rán èèyàn wá ṣe kí ni?"

"Ermida, má ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Nílẹ̀ wa, ọkùnrin kì í tọrọ ìyàwó. Mi ò lè rán Amak sí yín. Àwọn èèyàn yín ló ń bọ̀ nílé wa, èmi á kàn jókòó bí ọlẹ ni, kí n máa retí."

 Ohun tí Ermida ń wá lójú méjèèjì nìyí, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ́ lára kì í tètè gbọ́ràn sí ọkàn.

"Kó o lè máa yangàn káàkiri pé Ermida ti ṣubú?"

"Ta ló sọ̀rọ̀ ìṣubú?"

"Ojú ẹ ló ń sọ ọ́."

Jasril sọ igbá kalẹ̀. "Ó dáa. Àwọn ará abúlé kejì ń bọ̀ wá tọrọ mi fún ọmọ wọn tó jẹ́ agbẹ̀bí. Amak fẹ́ràn ẹ̀. Ó ní ọwọ́ ẹ̀ rọ̀. Mo kàn ní kí n sọ fún ẹ ni." Ó dìde, ó lọ.

Ermida délé, ó gé ẹ̀gẹ́ títí ó fi gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀! Kí lèèyàn fẹ́ fi ọwọ́ tó rọ̀ ṣe? Ó ń bínú sí agbẹ̀bí tí kò mọ̀ rí, ó ń bínú sí Jasril, ó wá bínú sí ara rẹ̀, ìbínú kẹta yìí ni kò lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó nu ẹ̀jẹ̀, ó gbéra, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Mak Datuak, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá ló ni ẹnu lórí ọmọ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe baba.

"Mak, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé ewé siriah lọ sílé Jasril."

Mak Datuak wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. "Ilé ta ni?"

"Jasril, Mak."

"O ju ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, o wá ní ká lọ bá ẹ gbé e? Ojú wo lo fẹ́ kí n fi wo Hasnidar? Èmi Datuak, kí n lọ gba èébú nínú oko kábéèjì!"

"Èébú tó bá wà níbẹ̀, tèmi ni. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe tún fẹ́ sọ ọ́."

Àgbà náà fọn imú. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n pe Etek Nurlis, àbúrò ìyá Ermida, tó jẹ́ alárinà nínú ẹbí.

Etek Nurlis wọ aṣọ tó dáa, ó gbé abọ́ idẹ tí ewé siriah wà nínú rẹ̀, ó lọ. Bí wọ́n bá mú ewé kan jẹ níbẹ̀, wọ́n ti gbà nìyẹn. Nígbà tó padà dé, abọ́ náà kún bó ṣe kún. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà.

"Háà, obìnrin yẹn! Ẹ fún mi lómi kí n tó sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ, Etek?"

"Ó ní ṣé a ò mọ̀ pé ilé ìyàwó ni ọkùnrin ń kó lọ nílẹ̀ wa ni? Ó ní àwa fúnra wa la máa ń sọ pé bí eérú orí kùkùté ni ọkọ rí nílé ìyàwó, atẹ́gùn díẹ̀ á gbé e lọ. Ó ní eérú àwọn yòókù ń dúró de atẹ́gùn, àmọ́ ti òun, ìyàwó ọ̀hún fúnra ẹ̀ ló máa fẹnu fẹ́ ẹ dànù. Ó ní, 'Tó bá gbé ọmọ mi ṣubú nínú ilé tirẹ̀, ta ló máa dì í mú?'"

 Ermida fẹ́ bínú, kò rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni.

"Ó kù," ni Etek Nurlis wí. "Jasril ò fẹ́ agbẹ̀bí. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìyá ẹ̀, wọ́n sì ti bá ara wọn jà. Ìyá ẹ̀ wá ní kí Jasril gbé ẹ ṣubú ná, lójú gbogbo èèyàn, nínú àgbàlá tó o ti ṣe é léṣe. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i pé ìwọ náà mọ ilẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lòun máa tó ronú lórí ewé wa."

"Ìyẹn ò le," ni ìyá Ermida sọ. "Ṣubú fún un, kó parí."

Ermida náà rò pé kò le. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́ fún Jasril létí oko ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kejì, ojú ọkùnrin náà le koko.

"O fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú?"

"Ṣé kì í ṣe ohun tí ìyá ẹ fẹ́ nìyẹn?"

"Tó o bá fúnra ẹ ṣubú, màá mọ̀. Ọwọ́ mi á mọ̀. Mi ò fẹ́ ìyàwó tó fún mi ní sàárà lójú gbogbo èèyàn, táá wá máa rántí ẹ̀ tá a bá ń jà nínú yàrá."

"Èjìká ẹ ò tíì le! O ò lè gbé mi tí mi ò bá ràn ẹ́ lọ́wọ́!"

"Wò ó! O ti ń káàánú mi."

"Orí kunkun ni ẹ́!"

"Ìwọ ńkọ́? Odindi ọdún kan, o ò fún mi ní ọwọ́ tòótọ́ rí. Ọwọ́ òfo ṣáá. Ìṣubú kọ́ ni mò ń tọrọ, Ermida. Ọwọ́ tòótọ́ ni. Fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá lè gbé e, mo gbé e. Tí mi ò bá lè gbé e, kí Amak lọ fẹ́ agbẹ̀bí fúnra ẹ̀."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń fi ìbínú ta ewé ẹ̀gẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Ermida dúró síbẹ̀. Ó rọrùn fún un láti ṣubú. Ọwọ́ tòótọ́ ló le, nítorí ẹni tó bá fi gbogbo ara tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò lè fà á padà mọ́. Ibi tí ẹnìkejì bá gbé e gbà ló máa gbà, bí ẹnìkejì bá sì ṣí ọwọ́, eegun ló kù. Òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ọwọ́.

*

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, Jasril fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wọn nínú ṣòkòtò dúdú. "Ermida, ó yá. Mo wá mú ẹ padà." Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ rìn lọ sí àgbàlá.

Èèyàn kún ibẹ̀ bámúbámú. Abọ́ idẹ wà lórí ẹní níwájú Mak Datuak, Etek Nurlis ń lé eṣinṣin. Amak Hasnidar jókòó lórí àpótí tó gbé wá láti ilé, nítorí pé kò fẹ́ jókòó sórí ohunkóhun tó jẹ́ ti ẹbí Ermida. Bí Ermida ṣe kọjá níwájú rẹ̀, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ sókè ketekete pé, "Rántí ohun tí mo sọ fún ẹ."

"Kí ló sọ fún ẹ?" ni Ermida bi Jasril.

"Má dá a lóhùn. Wá."

Wọ́n kí ilẹ̀, wọ́n kí ara wọn. Ermida ju ẹ̀ṣẹ́. Kò rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ló rò ó fún un: ó dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí àyà Jasril, ó dúró.

"Ọwọ́ òfo," ni Jasril wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Amak Hasnidar pòṣé. "Ẹ wò ó! Mo sọ bí? Kò lè ṣubú! Ẹ̀yìn ẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀. Ẹ gbé abọ́ yín, ká máa lọ sílé!"

Àwọn èèyàn ń kùn. Ermida padà sẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù gidi, tí kò bà á rí nínú àgbàlá yẹn. Ó wo èjìká Jasril níbi tí eegun ti so pọ̀ tó ṣe kókó kékeré lábẹ́ aṣọ. Jasril ní ẹ̀tọ́ láti san án padà. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Òógùn wà, àwáwí wà.

"Uda," ló ní.

 Ìyá rẹ̀ gbá ẹnu mú. Jasril náà wò ó bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Uda, mò ń bọ̀ o. Dì mí mú."

Ó wá. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ ṣíwájú, ó fi èjìká tẹ̀lé e, ó fi ìbàdí tẹ̀lé e, kò fi nǹkan kan pamọ́ sẹ́yìn. Ara Jasril ò gan. Ó yà díẹ̀, ó gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ Ermida kúrò nílẹ̀. Ó rí òrùlé ilé, ó rí òkè Marapi lódìkejì, nínú afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ti gbọ́ ohùn Amak Hasnidar tó ya bí aṣọ:

"Fi í sílẹ̀, Jasril! Fi í sílẹ̀! Kí òun náà mọ bó ṣe ń dunni!"

Ẹ̀yìn Ermida kan ilẹ̀ gbì. Eruku pupa sọ. Orí rẹ̀ ò gbalẹ̀. Ọwọ́ kan dì í mú lọ́rùn ọwọ́, ó le dan-in. Jasril ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, omi ìrora dúró sí i lójú. Apá tó ṣẹ́ yẹn ló fi dì í.

Amak Hasnidar ti dìde lórí àpótí rẹ̀. "Mo ní kó o fi í sílẹ̀!"

"Amak, kò tíì dìde," ni Jasril sọ.

"O ti gbé e tán! O ti ṣẹ́gun! Kí lo tún ń dì í mú fún?"

"Òfin ni, Amak. A kì í fi í sílẹ̀ títí á fi dìde."

"Nígbà náà kó dìde!"

Gbogbo ojú yí sí Ermida. Ilẹ̀ tutù lẹ́yìn rẹ̀, erùpẹ̀ ti wọ inú irun rẹ̀, ẹni tí kò ṣubú rí nà gbalaja lójú gbogbo abúlé. Ó gbé ojú sókè wo ọwọ́ tó dì í mú.

"Mi ò tíì ṣetán," ló ní.

Ẹnìkan kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni gbogbo àgbàlá bú sí i. Mak Datuak yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn èèyàn má baà rí ẹ̀rín wọn. Amak Hasnidar nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo apá tó torí ẹ̀ fi ṣíbí bọ́ ọ nígbà tó ṣẹ́, ó rí bó ṣe ń gbọ̀n tí kò sì tú. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi orúnkún tó ń dùn ún rìn wá sídìí abọ́ idẹ, ó já ewé kan gbà bí ẹni ń gba ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó jù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú.

"Mo ti jẹ ẹ́," ló wí, omi ewé ń pọ́n ọ́n létè. "Ṣé gbogbo yín rí i? Mo ti jẹ ẹ́! Ẹ sọ fún aláìgbọràn yẹn kó dìde nílẹ̀, kí òtútù má mú ìyàwó ọmọ mi."